Ṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́ kan ní Wuse tó mọ ìtọ́jú iyùn

Nígbà tí iyùn olókùúta mi (ẹranko inú òkun tó ń mọ egungun líle bí òkúta, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) funfun, tí ẹran rẹ̀ sì ń ṣí kúrò lára egungun, ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse, Àbújá, kò sáré ta oògùn fún mi. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kálísíọ́mù tí iyùn fi ń mọ egungun ti lọ sí abẹ́ 400 mílígíráàmù nínú lítà kan. Wọ́n ní kí n dín iná kù, nítorí pé ewé omi tín-ín-tìn-tín tó ń gbé inú ẹran rẹ̀, tó sì ń bọ́ ọ, ti kúrò, kí n sì jẹ́ kí ooru omi wà láàárín 25 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, èyí tó nira gan-an nínú ooru oṣù Mẹ́ta. Omi sísẹ́ wọn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún wọn tọkàntọkàn: ẹran tuntun ti ń bo egungun náà.