Ford àti General Motors: Ọ̀nà Méjì Láti Ṣòwò Mọ́tò

Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra.

Henry Ford bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wá gbájú mọ́, Model T, tó jáde ní 1908. Ní 1913, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park, ó mú kí mọ́tò máa lọ bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí. Títo mọ́tò kan, tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ tẹ́lẹ̀, wá di nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Iye rẹ̀ já wálẹ̀, àgbẹ̀ náà sì di onímọ́tò. Ní 1914 ó sọ owó iṣẹ́ òòjọ́ di dọ́là 5. Àwọn kan ní àánú ló ṣe é. Èmi ò gbà: àwọn òṣìṣẹ́ ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lemọ́lemọ́ ni.

William Durant, tó dá General Motors sílẹ̀ ní 1908, ní tirẹ̀, rírà ló ń ra ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn: Buick, Oldsmobile, Cadillac. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gbèsè lé e kúrò níbẹ̀. Alfred Sloan, tó di ọ̀gá General Motors lẹ́yìn náà, ló wá tò ó: Chevrolet fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Cadillac fún olówó, ìrísí tuntun lọ́dọọdún. Ford ò fi Model T sílẹ̀ títí di 1927. Ká sòótọ́, Ford mọ̀ ọ́n ṣe, Sloan mọ̀ ọ́n tà.

Ní 2009, gbèsè gbé General Motors dé ilé ẹjọ́. Ford bọ́ nínú irú rẹ̀, torí ó ti yá owó ńlá ní 2006. Àmì orúkọ rẹ̀ pàápàá wà lára ohun tó fi dógò.