Àwọn Agbaninímọ̀ràn Tó Fi Iṣẹ́ Lé Wa Lọ́wọ́

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé wa ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, fẹ́ kó ìṣirò owó rẹ̀ kúrò nínú ìwé bọ́ sórí Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, a gba agbaninímọ̀ràn méjì láti ìta fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí mo yìn jù ni pé láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọn kò ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Akọ̀wé owó wa ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń bi í ní ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Nígbà tó ṣi VAT, owó-orí tí a ń fi kún owó ọjà, ṣírò, tó mú ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára àpapọ̀ tí oníbàárà san, tí VAT ti wà nínú rẹ̀, dípò kó kọ́kọ́ fi 1.075 pín in, wọn kò bá a tún un ṣe. Wọ́n ní kó fi bírò ṣírò rìsíìtì kan lórí ìwé, títí tó fi rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Sùúrù yẹn wú mi lórí gan-an.

Àléébù wọn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́. Nígbà tí akọ̀wé náà gba ìsinmi ìbímọ, a ní láti pè wọ́n padà, a sì tún sanwó. Màá tún gbà wọ́n, bí orúkọ ẹni kejì bá ti wà nínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.