Gọ́ọ̀mù táìlì lórí ilẹ̀ pákó: ìbéèrè kan péré ni wọn ò bi wá

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tí a tẹ́ táìlì sí ilé ìdáná, èyí tó wà nídìí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo ki ẹnu ọ̀bẹ bọ etí rẹ̀, ó sì gbéra bí ọmọrí ìkòkò. Gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ yí etí ká, àmọ́ àárín rẹ̀ rí bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò jiná. Mo fi ìka kàn án, ó ń fà bí ilá. Ọ̀sẹ̀ 3!

Ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni, irú èyí tí wọ́n kan pákó mọ́ igi ìdábùú, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ táìlì orí kọ́ńkéré nìkan á rò pé ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́. Pákó kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wú bí ọ̀rinrin bá mú un, ó ń súnkì bí hítà bá gbóná, ó sì ń tẹ̀ bí èèyàn bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Táìlì ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, ńṣe ló máa ń là tàbí kó ṣí.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti pò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ṣọ́ọ̀bù tà fún wa, bọ́kẹ́ẹ̀tì 4. Ẹni tó wà ní kántà kò béèrè ju bóyá káàdì ni tàbí owó. Nígbà tí mo gbé táìlì náà padà lọ bá a, tòun ti gọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀ (kí ló ń wá níbẹ̀?), ó ní kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ 3 mìíràn. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ló bá yí bọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Iwájú rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé ti ògiri àti ti ilẹ̀ ni. Ẹ̀yìn, nínú lẹ́tà tó kéré bíi ti ara ike oògùn, ní kì í ṣe ti ilẹ̀ pákó. Ó fi èékánná tọ́ka sí i bí ẹni tó jáwé olúborí. Méjì tí a kò tíì ṣí nìkan ló gbà padà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń to ẹrù lẹ́yìn ló gbọ́ ariwo. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilẹ̀ wo lẹ tẹ́ ẹ lé?” Mo ní pákó. Ó ní, “Háà.” Ìbéèrè tí a ń wá nìyẹn. Ó fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ D àti C sára páálí. D ni ti bọ́kẹ́ẹ̀tì: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ kó tó le. Táìlì pọ́sílénì tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà kì í mu omi, nítorí náà etí gbẹ, ó dí, omi àárín há síbẹ̀. C ni ti símẹ́ǹtì, lẹ́búlẹ́bú inú àpò: omi tí a fi pò ó gan-an ló ń sọ ọ́ di líle. Ó ní kí n wá C2 (ìyẹn C tó ń di nǹkan mú jù) tó ní S1 lẹ́yìn, torí S1 ni èyí tó lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó fọ́.

Òun náà ló ṣírò ọjà tí a ó fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ́: yàrá mítà 3 sí 3, àpò kílò 20 márùn-ún, bọ́ọ̀dù símẹ́ǹtì (èyí tí a ń tẹ́ sórí pákó kí táìlì tó gun orí rẹ̀) mílímítà 6 mẹ́wàá, súkúrù bíi 35 fún bọ́ọ̀dù kan. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù ju ìlàjì àpò lọ.

Bọ́ọ̀dù yìí kì í mú ilẹ̀ tó ń mì lágbára o. Pákó tó bá ń dún ni kí ẹ kọ́kọ́ fi súkúrù dè mọ́ igi ìdábùú, kí ẹ sì ṣọ́ páìpù omi àti wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ife omi sílẹ̀, kí ẹnìkan rìn kọjá: bí omi bá ń jó, iṣẹ́ kápíńtà ṣì kù. Lẹ́yìn náà, gọ́ọ̀mù lábẹ́ bọ́ọ̀dù, súkúrù ní gbogbo 20 sẹ̀ǹtímítà, àlàfo mílímítà 3 láàárín bọ́ọ̀dù sí bọ́ọ̀dù, kí oríkèé wọn má ṣe bá ti pákó mu. Ẹ lẹ téèpù tó rí bí àwọ̀n mọ́ oríkèé.

Lẹ́búlẹ́bú yẹn dára, mi ò lè purọ́. Trówẹ́lì eléyín mílímítà 10 gbé e dúró bí òkìtì ebè, mo sì fi díẹ̀ ra ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ọ̀kan sókè láti wò ó: gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló bò, kò sí ihò kankan. Lọ́jọ́ kejì, ó ń dún kọ̀ bí àpáta.

Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sí ojú àpò pé kì í dúró de èèyàn? Kò tó ìdajì wákàtí tó fi ń le nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìlàjì àpò ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti ń le, ẹ má bu omi sí i, ẹ dà á nù. Mo da odindi ẹ̀ẹ̀kan nù, owó gidi ni. Gbogbo rẹ̀ sì gbé ilẹ̀ ga tó mílímítà 22, kápíńtà ní láti gé ìdí ilẹ̀kùn. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ yí ògiri ká, sílíkónì ni kí ẹ fi dí i, kì í ṣe gíráótì tí a fi ń dí àárín táìlì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 fún ṣọ́ọ̀bù. Táìlì tuntun ti pé oṣù 8, kò sí ọ̀kan tó mì.