Ìbora sẹ̀rámíìkì lára manifold 3S-GTE: ẹ yí èépá yẹn padà kí ẹ tó gbẹ̀bi

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹ́ńjìnnì gbóná tó tún tutù, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sára manifold, ìyẹn páìpù irin tó ń gba èéfín jáde látinú ẹ́ńjìnnì, ti ń bó. Èyí tó kọ́kọ́ já fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, lókè táábò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) gan-an, níbi tí àwọn páìpù ti pàdé. Manifold irin dídà ti ẹ́ńjìnnì Toyota 3S-GTE ni, látinú ọkọ̀ Celica GT-Four, epo ẹ́ńjìnnì sì ti ń wọ̀ ọ́ lára láti ọdún gbọọrọ. Ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi plasma, iná tó gbóná débi tó ń yọ́ sẹ̀rámíìkì, fọ́n ọn. N ò ní dárúkọ wọn, torí pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ṣe parí.

Obìnrin tó gbé fóònù kò jẹ́ kí n ṣàlàyé tán. "Ẹ ti jẹ́ kó gbóná jù." Mo fi àkọsílẹ̀ thermocouple, wáyà tó ń wọn ìgbóná, ránṣẹ́: èéfín tó ń wọ táábò kò kọjá 850°C rí. Kí ni ìyẹn jẹ́ lójú zirconia, sẹ̀rámíìkì tí wọ́n fọ́n yìí, tí wọ́n fi yttria (èròjà tí kì í jẹ́ kó fọ́) ìdá 7 sí 8 nínú 100 sí? Nǹkan bíi 2,700°C ló tó ń yọ́, ó sì di bíi 1,200°C kí ìlò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Abẹ tọ́báìnì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń bò. Èsì ímeèlì wọn, ẹ̀ẹ̀mejì, gbólóhùn kan náà láìyí fáwẹ̀lì kan: àtúnṣe ọ̀fẹ́ kò sí fún ìlòkulò. Wọ́n tún fi kún un pé irin àti sẹ̀rámíìkì kì í fẹ̀ bákan náà bí wọ́n bá gbóná. Òótọ́ ni, fún irin tí kì í dípẹtà: tirẹ̀ tó 17 nínú mílíọ̀nù lórí dígírì kan, ti zirconia jẹ́ 10 sí 11. Irin dídà wà ní bíi 12. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ò lè mú kó bó lẹ́ẹ̀mẹta péré.

Ẹni tí tirẹ̀ bá bó, kó má ju èépá nù, kó má sì nu ojú ibi tó ti já. Ẹ yí èépá padà lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, tí funfun sì kù lára irin, inú sẹ̀rámíìkì fúnra rẹ̀ ló ti ya: ìgbóná òjijì ni, tàbí kí wọ́n ti fọ́n ọn nípọn jù. Bí gbogbo funfun bá já tán, tí ìpele àárín (èyí tí wọ́n fọ́n sáàárín irin àti sẹ̀rámíìkì kó lè lẹ̀) ṣì lẹ̀ mọ́ irin àmọ́ tó ti dúdú, ìgbóná ti jẹ ìpele àárín, ẹ lè gbẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ìpele àárín bá bá èépá lọ tí irin wà níhòòhò, wọn ò tọ́jú ojú irin kí wọ́n tó fọ́n ọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi funfun níwájú, ó ní àwọ̀ eérú lẹ́yìn, àbàwọ́n rúsúrúsú bí epo jíjóná sì yí etí rẹ̀ ká bí òrùka.

Ìgbà kẹta tí mo pè, wọ́n gbé fóònù fún bàbá tó ń di ìbọn plasma mú. Kò kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. "Ṣé ẹ ti yí i padà? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?" Mo sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "A ò sun ún." Ṣé ẹ rí i, irin dídà ní ihò wẹ́wẹ́ àti graphite nínú, bí epo bá ti wọ̀ ọ́ lára, ọṣẹ kì í dé ibẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gbé e sínú ààrò ní bíi 400°C fún wákàtí mélòó kan títí tí kò fi ní rú èéfín mọ́, kí wọ́n tó fi iyanrìn alumina há ojú rẹ̀, kí wọ́n sì fọ́n NiCrAlY, ìpele àárín yẹn, sí i lọ́jọ́ náà, láìfi ọwọ́ lásán kàn án. Bí wọ́n bá fo ààrò, iṣẹ́ á dán lójú ẹni. Epo á wá di oru lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á sì ti gbogbo ìpele náà jáde látìsàlẹ̀.

Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá fi fọ́tò manifold tó ń rú èéfín nínú ààrò ránṣẹ́, èmi ò tiẹ̀ béèrè. Nígbà tó padà dé, máíkíròmítà fi hàn pé ojú gásíkẹ́ẹ̀tì kò nípọn sí i rárá, wọ́n fi téèpù bò ó dáadáa, ihò bóòtù sì mọ́ tónítóní. Lára páìpù, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 370 sí 410 máíkírọ́nù, bíi 100 jẹ́ NiCrAlY, ìyókù sẹ̀rámíìkì. Iṣẹ́ gidi.

Àmọ́ mo gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun, iyanrìn alumina tó ìdajì ṣíbí tíì dà jáde! Wọn ò dí ẹnu páìpù kan nígbà tí wọ́n ń há a. Nǹkan tó le tó bẹ́ẹ̀ á jẹ abẹ táábò run kí ìrìn àkọ́kọ́ tó parí, mágínẹ́ẹ̀tì ò sì lè fà á. Omi alágbára, afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ká tún gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin: àwọn ló yẹ kó ṣe ìyẹn.

Ó ti gbóná tó tún tutù ju ọgbọ̀n ìgbà lọ báyìí, kò sí ibi tó là. Thermocouple lára ike tó wà níwájú rẹ̀ bọ́ láti 118°C sí 84°C. Ẹ má fi ìbọn tí ń wo ìgbóná ṣe ìdíwọ̀n yìí: ó máa ń ka irin dídán sí tútù ju bó ṣe wà lọ, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún sẹ̀rámíìkì, ẹ ó rò pé owó yín ṣòfò. Ohun kan tí wọn kì í sọ fún oníbàárà: bí wọ́n bá bo ìta nìkan, irin fúnra rẹ̀ á gbóná sí i, torí kò rí ibi tú u dà sí. Manifold tó bá ti ní ìlà fífọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ.

Máàkì: 4 nínú 5. Iyanrìn kọ́ ló jẹ ọ̀kan yòókù, owó ìfiránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n kọ̀ láti san ni.