Tọ́bò Tòkunbọ̀ ní Agodi Gate: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Wo Èéfín Mọ́tò Yín Ná

Bí mọ́tò onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì) bá ti ń tú èéfín ní Ìbàdàn, "Ẹ lọ ra tọ́bò ní Gate", ìyẹn ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Agodi, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ sọ. Tọ́bò tòkunbọ̀ ọjà náà kò burú. Ojúlówó rẹ̀ tó ṣì le sàn ju tuntun tí a kò mọ orísun rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn kan ń rà á nígbà tí tara mọ́tò wọn kò tíì bàjẹ́.

Àwọ̀ èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́, họ́ọ̀sì intercooler (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) tó ya, àti injector tó ń fín epo. Bó bá funfun, tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ni kí ẹ fura sí. Búlúù ni ti ọ́ìlì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá tọ́bò lẹ́bi lásán. Búlúù tó jáde nígbà tí ẹ sítáàtì láàárọ̀, tó sì tán kíá, sílì fáálù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lára fáálù, ló sábà máa ń fà á.

Sílì inú tọ́bò kì í ṣe rọ́bà. Ríìngì irin kékeré ni, agbára afẹ́fẹ́ ló ń bá a ká ọ́ìlì mọ́. Bí páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá dí, tàbí PCV (fáálù tó ń tú gáàsì inú ẹ́ńjìnnì jáde) bá bàjẹ́, ọ́ìlì á wá ọ̀nà jáde, tọ́bò tuntun pàápàá á sì tú èéfín. PCV yìí máa ń yọ Volkswagen 2.0 TSI lẹ́nu gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìdúró (slow), kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bó bá fa ìdérí mọ́lẹ̀ tó fi ṣòroó ṣí, rọ́bà PCV ti ya nìyẹn. Bó bá ń fẹ́ atẹ́gùn àti èéfín síta, ẹ ní kí wọ́n wọn compression, ìyẹn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí ẹ tó náwó sórí tọ́bò.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára, tí ọ́ìlì sì dúró bí adágún nínú páìpù intercooler, ẹ máa lọ Gate. Ọ́ìlì tó kàn ta sára páìpù fẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe àrùn.

Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ fi ìka méjì mú orí ọ̀pá àárín tọ́bò. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò séwu, nítorí ọ́ìlì ló ń gbé e dúró nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá fà á síta tí ẹ sì tì í wọlé, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó mì, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ibi tó bá ti ń ha ilé rẹ̀ á máa dán yípo. Ẹ wo ihò ọ́ìlì bóyá èédú ti gan síbẹ̀. Ọ̀dà fàdákà tí wọ́n kùn sára rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fíltà àti páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù sí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì, ó máa ń já sínú, á sì dí i. Kí wọ́n da ọ́ìlì tó mọ́ sí tọ́bò kí wọ́n tó sítáàtì, kí wọ́n sì da èyí tó wà nínú intercooler nù. Mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì lè fi ọ́ìlì yẹn ṣe epo, kó máa sáré tí kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa á. Èéfín tó kù nínú sàléńsà lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà kó tó tán.

Ibi tí Gate kù sí ni pé kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ lórí tábìlì bóyá tọ́bò á máa yí déédéé bó bá ń sáré. Nítorí náà, kí ọlọ́jà kọ iye ọjọ́ tó máa fi gbà á padà sórí rìsíìtì, kí ẹ tó sanwó.