Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá tó ń ta amplifáyà tokunbo ní Àbújá, tó ń fi ariwo "hùùù" gbowó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wá amplifáyà ayé àtijọ́ àti ẹ̀rọ àwo ní Àbújá àti Kàdúná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí. Ọkùnrin kan wà nílùú yìí tó ń ta Sansui, Pioneer, Marantz àti irú wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kò tíì tán láàárín òun àti ẹni tó rẹ́ jẹ. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló lè ṣe é.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín báyìí, ẹ ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Á ki wáyà fóònù bọ ihò AUX, á fi orin sí i, ohùn á máa jáde kedere. Kò ní fi àwo dán an wò lójú yín láéláé. Bí ẹ bá béèrè, á ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo yẹn ti kán, pé òun á fún yín ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ gbé e délé, ẹ so ẹ̀rọ àwo mọ́ ọn, ariwo hùùù gba gbogbo pálọ̀. Ẹ pè é, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi dáhùn: "Háà, ẹ̀gbọ́n, tiransifọ́mà ti lọ nìyẹn. Iná àdúgbò yín ló jó o. Ẹ gbé e bọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni òwò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní Kubwa, san ₦95,000 fún "tiransifọ́mà tuntun". Ariwo kò lọ, bàbá ní kí n wá bá òun wò ó. Mo tú ìdérí. Tiransifọ́mà tó bá a ti Japan wá ṣì wà níbẹ̀, eruku dì mọ́ ọn lórí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bóòtì rẹ̀ rí. Kapásítọ̀ ńlá méjèèjì, àwọn agolo tó ń tọ́jú iná pamọ́, ni wọ́n fọwọ́ kàn: lẹ́ẹ̀dì tuntun tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ń dán lábẹ́ wọn, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù yí wọn nídìí. Wọ́n kọ 10,000 µF, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe lè gba iná tó, sí wọn lára. Mo yọ ọ̀kan, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, kò tó 2,300. Nígbà tí mo la agolo rẹ̀, kapásítọ̀ kékeré kan tó tó àtàǹpàkò ló fi ara pamọ́ sínú rẹ̀. Ojúlówó ti lọ. Bàbá fowó ra àìsàn tí amplifáyà rẹ̀ kò ní tẹ́lẹ̀.

Ariwo àkọ́kọ́ ńkọ́? Wáyà tín-ín-rín kan wà tó máa ń bá okùn ẹ̀rọ àwo jáde, ẹnu rẹ̀ là sí méjì, ìdí ṣùkúrúù tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn amplifáyà ni wọ́n ń dè é mọ́. Wáyà earth rẹ̀ nìyẹn. Ti bàbá, wọ́n ti gé e mọ́ ìdí, gígé tó mọ́ geere. Mo wo ti arákùnrin kan ní Nyanya tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà: gígé kan náà ni. Èyí kì í ṣe èèṣì.

Ìdí tí ọgbọ́n yìí fi ń ṣiṣẹ́ fún un ni pé orí abẹ́rẹ́ kì í mú ju bíi mílífóòtì márùn-ún jáde. Ihò PHONO, tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àwo bọ̀, á sọ ìyẹn di ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún, á sì tún gbé ohùn ìsàlẹ̀ ga ju ìyókù lọ. Iná wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni (ó ń gbọ̀n ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló bọ́ sí. Bí wáyà earth kò bá sí, ìwọ̀nba ariwo iná tó rá wọlé á di ariwo ńlá.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹrù fún ẹnikẹ́ni, ẹ yí bọ́tìnnì kúrò ní PHONO sí AUX. Bí ariwo bá lọ, ẹ̀rọ àwo tàbí wáyà rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú amplifáyà. Bí kò bá lọ, ẹ yí ohùn sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ṣì ń dún bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé ló ti gbẹ. Ohùn ìyẹn sábà máa ń ga díẹ̀ sí i, 100 Hz. Ẹ yọ wáyà dikódà náà wò, torí okùn díìṣì máa ń mú ariwo bá a wọlé. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi iná NEPA dán an wò kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé irin tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n, tí sípíkà dákẹ́, ẹ wo iye fóòtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. 100V ni ti Japan, step-down 110, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí 110V, ti ju ohun tó ń fẹ́ lọ.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ o! Kapásítọ̀ lè mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Ó tún máa ń sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n kán ẹsẹ̀ earth lára pílọ́ọ̀gì. Lóòótọ́, ariwo lè lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà bá kan ara irin nínú, ẹni tó bá fọwọ́ kan amplifáyà ni iná á gbà. Ọmọdé wà nínú ilé yín.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rà, lọ́wọ́ òun tàbí ẹlòmíì, ẹ gbé àwo tiyín dání. Ẹ ní kó fi sí PHONO, kó yí ohùn dé ìdajì láìfi abẹ́rẹ́ lé àwo, kí ẹ gbọ́. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀. Bó bá di dandan kí wọ́n tún un ṣe, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀, kí ẹ fi máákà fọwọ́ sí kapásítọ̀ lára. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 wà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó o, sì wà ní Àbújá níbí, ṣùgbọ́n láìsí rìsíìtì, ẹnu lásán ni.

Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ àwo lọ́wọ́ rẹ̀, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà lónìí, kó wo ibi tí okùn ti jáde. Bí wáyà náà bá ti gé, atúnrédíòṣe èyíkéyìí ládùúgbò á fi lẹ́ẹ̀dì so òmíràn mọ́ ọn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kó má gbé e padà lọ bá ọkùnrin yẹn.