Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń sin adìẹ, ẹ ṣọ́ra fún "dókítà" tó ń fi fọ́tò wo àrùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ẹ ní adìẹ nílé, ẹ ka èyí kẹ́ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá kan wà lórí WhatsApp tó ń pe ara ẹ̀ ní dókítà adìẹ. Tẹ́ẹ bá ti kọ ọ́ síbì kan pé adìẹ yín ò jẹun, kíá ló máa wọlé sí inbox yín, á ní kẹ́ẹ ya fọ́tò adìẹ, kẹ́ẹ ya ti ìgbẹ́ ẹ̀, kẹ́ẹ san owó àyẹ̀wò, ìgbà tó bá wá dáhùn, á ní Newcastle ni, àrùn kan tó máa ń pa adìẹ, páúdà òun nìkan ló lè gbà á là. Gbogbo adìẹ ayé yìí, Newcastle ló ń ṣe wọ́n lójú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló kó sí i lọ́wọ́. Àgbébọ̀ ẹ̀ dúró ṣánṣán sí kọ̀rọ̀, ìrù ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń fipá ti nǹkan tí ò jáde, bẹ́ẹ̀ ó ti ń yé déédéé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti sin adìẹ pẹ́ á ti fura pé ẹyin ló há sí i nídìí. Irú ẹ̀, ẹ gbé ìdí ẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi síbi tó dákẹ́, tí ò bá jáde ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ẹranko gidi torí ó lè pa á láàárín ọjọ́ méjì. Bọ̀dá yẹn ní Newcastle ni. Kí páúdà tó dé, adìẹ ti kú, ó ṣì ń bèèrè báláǹsì!

Inú bí mi, mo fi nọ́ńbà míì kàn sí i. Adìẹ mi kan tó ń jẹun, tó ń sáré kiri, tó ń lé àwọn yòókù, ìgbẹ́ ẹ̀ ni mo yà ránṣẹ́, èyí tó máa ń dúdú díẹ̀, tó ń lẹ̀, tó ń rùn gan-an. Kò sí adìẹ tí kì í ṣu irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àìsàn rárá. Ó ní Newcastle ni, ó tiẹ̀ ti wọra. Ẹ gbà mí o.

Páúdà yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Inú ọ̀rá lásán ló wà, kò sí orúkọ oògùn, kò sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tó máa expire wà lórí bébà kékeré kan, mo fi èékánná họ ọ́, ọjọ́ míì tó ti kọjá wà lábẹ́ ẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀, ó ní àṣírí òun ni. Ẹni tó bá wá ń jẹ ẹyin adìẹ tó lo páúdà yẹn, ta ló máa sọ fún un iye ọjọ́ tó yẹ kó fi dáwọ́ dúró?

Newcastle gidi, virus ni, kò ní oògùn tó ń wò ó, àjẹsára ṣáájú ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀, antibiotic ò sì lè pa virus. Kì í sábà mú ẹyọ kan kó fi agbo sílẹ̀: wọ́n á máa mí gúlegúle, ọrùn á lọ́, ìgbẹ́ á láwọ̀ ewé. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, torí náà dókítà tòótọ́ tó bá fura sí i, ẹ ya adìẹ yẹn sọ́tọ̀ ló máa sọ, kì í ṣe ẹ ra páúdà. Bọ̀dá yìí tún ń ta àjẹsára, ó ń fi ọ̀rá ránṣẹ́ láìsí yìnyín, èyí tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 8°C!

Ẹ fọwọ́ yẹ adìẹ yín wò fúnra yín. Láàárọ̀ kó tó jẹun, àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn ẹ̀ yẹ kó rọ̀, kó ṣófo. Tó bá le gbagidi, tàbí tó rọ̀ bí omi tí ẹnu ẹ̀ ń rùn kíkan, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tógbe ẹ̀ bá funfun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àlàfo ibùsùn ẹ̀ lóru, yọ̀rọ̀, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ, ń sá pamọ́ lọ́sàn-án. Tí ìgbẹ́ bá lẹ́jẹ̀, ó lè jẹ́ coccidiosis, àrùn kòkòrò inú ìfun, oògùn amprolium ni wọ́n sábà máa ń fún un nínú omi.

Ó ti yí nọ́ńbà padà lẹ́ẹ̀kan o. Fọ́tò àkùkọ pupa ló ń lò, "ẹ kú orí ire ẹ̀yin ọlọ́sìn" ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, ẹ tọ́jú chat àti rísíìtì, ẹ rèpọ́ọ̀tù ẹ̀ lónìí.